Àpò Tí Wọ́n Bá Nísàlẹ̀ Ìkòkò Mọ́wùnmí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ ìtàn àpò tí wọ́n bá nínú ọbẹ̀ Mọ́wùnmí ní Thamesmead, ẹ bi í léèrè ibi tó jókòó sí lọ́jọ́ náà. Èmi Ṣùpọ̀, orí àga tó kọjú sí àpò ọ̀hún gan-an ni mo jókòó sí. Gbogbo àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ kiri Plumstead títí dé Woolwich, ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n kàn fi iyọ̀ tiwọn sí i ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Mọ́wùnmí í ṣe. Ọmọ Ìkirè ni, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó máa ń rìn bí ẹni tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń múra àtilọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe, láti ilé dé ilé: ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń wọṣọ fún wọn, ó ń fi ṣíbí bọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn kò gbé ṣíbí mọ́. Nínú ìjọ wa, ìjọ aládùúrà tó ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan ní Plumstead, òun ló ń bójú tó oúnjẹ tí a fi ń ṣínu lẹ́yìn ààwẹ̀. Kò lariwo. Tí kò bá sí ti ọ̀rọ̀ àpò yìí, ẹ lè bá a jọ́sìn fún ọdún gbọọrọ kí ẹ má mọ orúkọ rẹ̀.

Ìbítóyè ọkọ rẹ̀ ni kò ṣeé gbójú fò. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, ikùn rẹ̀ a kọ́kọ́ wọ yàrá kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Bó bá sọ̀kalẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì, adìyẹ díndín inú páálí ni, pẹ̀lú ọ̀dùnkún díndín àti kóòkì tó tutù débi pé agolo rẹ̀ ń làágùn. Bó bá dé ilé, iyán tún ń dúró dè é, àtorí iyán, ó di orí ibùsùn. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Wọ́n fún un lóògùn, ó sì ń lò ó bí òjò ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń rọ̀. Dámi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti lọ sí yunifásítì ní Leeds, nítorí náà àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú fúláàtì wọn tó kọjú sí adágún.

Nísàlẹ̀ wọn ni Mísísì Lam ń gbé. Ìran Ṣáínà ni, ṣùgbọ́n Vietnam ni wọ́n bí i sí, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e sá àsálà dé ilẹ̀ yìí. Nígbà tí àwa Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ Thamesmead, ó ti di onílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ agbéniròkè bàjẹ́ ni Mọ́wùnmí bá a gbé ẹrù rẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Bí wọ́n ti dé òkè, Mọ́wùnmí yọ ìgò omi dídì láti inú báàgì rẹ̀, ó fẹ́ mu ún. Ìyá arúgbó já ìgò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n ó mú bí abẹ. Ohun tó sọ ni pé: "Inú rẹ, ìkòkò tó wà lórí iná ni. Ta ló ń da yìnyín sínú ìkòkò tó wà lórí iná?"

Ó ti pẹ́ tí inú ti ń run Mọ́wùnmí. Ó gbìyànjú omi gbígbóná, ó ní ó rọ òun lọ́rùn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀, dípò búrẹ́dì, ó ń se ìrẹsì lómi púpọ̀, lórí iná jẹ́jẹ́, títí tí yóò fi rí bí ẹ̀kọ mímu, yóò sì rẹ́ ata ilẹ̀ sí i. Ó ń rọra jẹ oúnjẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a sì dìde kí ó tó yó. Ó ní àwọn ará Ṣáínà gbà pé oúnjẹ kan gbóná nínú ara, òmíràn sì tutù, kò sì níí ṣe pẹ̀lú fíríìjì: o lè gbé ata sínú yìnyín, iná ni; o lè se bàrà olómi lórí iná, òtútù ni. Èmi kò bá a jiyàn. Ìyá tó bí mi kì í jẹ́ kí a lá ṣúgà, jẹ̀díjẹ̀dí ló máa ń pariwo. Mo sì ti ka gbogbo ìwé ìlera tó wà ní ilé ìkàwé Woolwich láìwọ kíláàsì ẹnikẹ́ni, débi pé dókítà kan bi mí rí pé ilé ìwòsàn wo ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ohun tó kọ mí lóminú ni ojú tí Mọ́wùnmí fi ń sọ ọ́. Ojú ẹni tó ti rí nǹkan ni.

Nígbà tó yá, ó gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. A ṣe ààwẹ̀ láti òwúrọ̀, gbogbo wa ń retí ọsàn àti bàrà olómi inú kúlà gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe é, Mọ́wùnmí wá ń gbé fúláàsì omi gbígbóná àti ìrẹsì olómi yẹn jáde.

Mummy Folúkẹ́, olórí àwọn obìnrin, gbé kọ́ọ̀pù sókè, ó wò ó. "Mummy Dámi, ṣé wọ́ọ̀dù la wà ni? Ta ló ń ṣàìsàn níbí?"

"Ẹ má bínú, ma. Ikùn tó ti ṣófo láti àárọ̀, kò dáa ká da yìnyín lù ú."

"Àwọn bàbá wa tó dá ìjọ yìí sílẹ̀, omi tútù ni wọ́n fi ṣínu, wọ́n sì rí ìran. Ta ló kọ́ ẹ ní tìẹ?"

Mọ́wùnmí kò dáhùn. Ó kàn ń yí ìdérí fúláàsì. Ẹ̀yin ará, dídákẹ́ yẹn ni ìfura gbà wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá gbé oúnjẹ síwájú ènìyàn, onítọ̀hún a kọ́kọ́ wo ẹnìkejì rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ní ọdún 2014 ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún bẹ́. Ìbítóyè ti ibi iṣẹ́ dé, ebi ń pa á, ìyàwó kò sí nílé. Ìkòkò ọbẹ̀ adìyẹ wà lórí sítóòfù, òórùn rẹ̀ yàtọ̀, mo sì lè búra pé ajá Shooters Hill gbọ́ ọ. Ó ti ìgbákọ bọ ìsàlẹ̀ láti wá itan adìyẹ. Ohun tó gbé sókè kì í ṣe itan. Àpò aṣọ funfun kékeré ni, tí wọ́n fi òwú dì lọ́rùn gírígírí, tí omi ọbẹ̀ ń kán lára rẹ̀.

Ẹ dá ẹ̀rí ọkàn yín lóhùn. Ọmọ Yorùbá wo ló máa bá aṣọ funfun tí wọ́n dì lówùú nísàlẹ̀ ìkòkò ìyàwó rẹ̀, tí yóò rò pé èròjà ọbẹ̀ ni?

Èmi ló kọ́kọ́ pè. Kò pe wòlíì, kò pe ọlọ́pàá.

"Daddy Ṣùpọ̀, ẹ̀ ń gbọ́ mi? Wọ́n ti pa mí."

"Ta ló pa ẹ́ tó o ṣì ń fóònù?"

"Ìyàwó mi. Ẹ máa bọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Woolwich, n kò tilẹ̀ jókòó. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti gbé ìkòkò sí bákónì. Ó fi àpò náà sínú àwo, ó fi àwo mìíràn dé e, ó ṣí Bíbélì sí Sáàmù, ó gbé e lé gbogbo rẹ̀ lórí. Báàgì aṣọ rẹ̀ ti wà nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò.

"Tó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni," ó ní, "Birmingham lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ lónìí. N kò ní í padà sínú ilé yìí mọ́ láéláé."

"Kí lo rò?"

"Daddy, ẹ wò mí dáadáa. Mo ti ń sùn bí ọmọdé. Tí Mummy Dámi bá ní kí n mu omi gbígbóná, màá mu ún. Èmi Ìbítóyè! Mo ń gbọ́ràn! Kóòkì ò tiẹ̀ wù mí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣé ojú lásán nìyẹn?"

Mo mi orí. Ní tòótọ́, kò jọ ojú lásán.

Wòlíì Obed ti ìjọ wa, tí Ìbítóyè pè lẹ́yìn mi, dé pẹ̀lú sùtánà rẹ̀ láìwọ bàtà, ó gbé ìgò omi àdúrà lọ́wọ́. Mummy Folúkẹ́ tẹ̀lé e. Wòlíì kò wọ inú yàrá, ẹnu ọ̀nà ló ti gbóhùn sókè lé àwo náà lórí, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n, gbogbo pẹ́pẹ́yẹ tó wà lórí adágún sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tíì ṣe àmín tán tí Mọ́wùnmí ṣílẹ̀kùn wọlé nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé kò sí?" Ó rí àwo. Ó rí Bíbélì. Ó rí ojú ọkọ rẹ̀.

Ìbítóyè ṣí àwo náà. "Kí nìyí?"

"Àpò ọbẹ̀ ni, Daddy Dámi."

"Àpò ọbẹ̀!" Mummy Folúkẹ́ pàtẹ́wọ́. "Láti ìgbà wo ni ọbẹ̀ ti ń gbé àpò? Ṣé ó fẹ́ lọ ra nǹkan ní Woolwich ni?"

"Ẹ tú u, kí ẹ wò ó," Mọ́wùnmí ní.

Wòlíì yíjú sí Ìbítóyè. "Tú u, arákùnrin."

"Èmi kọ́, sà. Ẹ̀yin ni wòlíì."

"Ẹ̀mí kò tíì yọ̀ǹda fún mi."

"Ẹ má wo ọ̀dọ̀ tèmi o," Mummy Folúkẹ́ ní, "mo ṣì lọ́mọ tí mo fẹ́ tọ́."

Ni wọ́n bá wo èmi. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo fi eyín tú èyí tó tó orí màlúù, ìlú mi títí dòní ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin: ẹni tó dì í ni yóò tú u. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀.

Mọ́wùnmí fi èékánná já òwú náà. Ó da ohun inú rẹ̀ sórí àwo: ata ilẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, àwọn èso pupa kan tí wọ́n ti hunjọ, èèpo ọsàn gbígbẹ, àti egbò igi funfun kan tí wọ́n là pẹlẹbẹ bí ẹ̀gẹ́ gbígbẹ. Ó mú èso kan, ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Ṣé ó tó?"

"Kò tó," Mummy Folúkẹ́ dáhùn. "Ẹni tó bá sè é á ti kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ̀ rẹ̀."

Òótọ́ ni. Gbogbo wa mọ̀ pé òótọ́ ni, èmi pàápàá kò rí nǹkan fi gbá a dànù. Ìbítóyè na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó wà lórí tábìlì. Ìgbà náà ni mo lo ọgbọ́n àgbà. Mo ní, "Ìbítóyè, jókòó. Mọ́wùnmí, ta ló fún ẹ ní nǹkan wọ̀nyí?"

"Mísísì Lam ìsàlẹ̀, sà."

"Ó yá, gbogbo wa á lọ síbẹ̀. Egbò tí kò bá ní ìkà nínú, ẹni tó ni ín á lè dúró níwájú rẹ̀."

Bí a ṣe rọ́ sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Mísísì Lam ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, kò yọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ló yọ. Ó rí sùtánà, ó rí ẹsẹ̀ wòlíì tó wà lásán, ó rí Bíbélì lábẹ́ apá Mummy Folúkẹ́.

"Lónìí kọ́!" ó kígbe, bí ẹni tó rí àwọn oníwàásù ojúlé dé ojúlé. "Ìwé yín ti pọ̀ jù nílé mi!" Ó sì fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé.

"Èmi ni, Mísísì Lam," Mọ́wùnmí pè é láti ẹ̀yìn wa.

Ó jẹ́ kí a wọlé, ṣùgbọ́n ó ń ka orí wa bí ẹni tó fẹ́ mọ èyí tí yóò jí ṣíbí òun. Pákó kékeré kan wà lára ògiri, fọ́tò ọkùnrin kan wà lórí rẹ̀, ọsàn sì wà níwájú fọ́tò náà. Mummy Folúkẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Ẹ wo ojúbọ."

"Ọkọ rẹ̀ tó ti kú nìyẹn, ma," Mọ́wùnmí ní.

"Ọkọ tó ti kú, kí ló fẹ́ fi ọsàn ṣe?"

Mo ní kí wọ́n panu mọ́. Mọ́wùnmí ṣàlàyé ohun tó gbé wa wá. Ìyá arúgbó kọ́kọ́ wo wa bíi pé orí wa ti dàrú. Ó lọ sídìí sítóòfù tirẹ̀, ó fi igi ìjẹun méjì gbé àpò funfun jáde láti inú ìkòkò, òwú lọ́rùn, ó dọ́gba pẹ̀lú tàwa bí ìbejì. Ó bu omi ọbẹ̀ ọ̀hún, ó mu ún lójú wa. Ó ní wọ́n ń dì í kí igi má baà há ẹni lọ́fun ni. Wòlíì ṣe hẹ̀n-ẹ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ìgò omi àdúrà.

Ìbítóyè sì dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mísísì Lam bá rìn lọ bá a, ó gbójú sókè wò ó, ó ní: "Ahọ́n."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí ẹ yọ ahọ́n yín síta, òun fẹ́ wò ó," Mọ́wùnmí ní. "Ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ bí inú ṣe rí."

Ìbítóyè fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ahọ́n mi? Kí ló fẹ́ fi ahọ́n mi ṣe? Àbí ẹ ò rí i, Daddy? Wọ́n ti gba ọbẹ̀, ó ku ahọ́n!"

Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ yọ tèmi. Ìyá náà wò ó pẹ́, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí lẹ́nu ẹni tó dàgbà tó mi. Nígbà tí Ìbítóyè rí i pé ahọ́n mi ṣì wà níbi tó wà, ó yọ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín. Ó pupa yòò, nǹkan kan tó pọ́n bí ìyeyè sì bò ó lórí.

"Adìyẹ díndín?" ìyá bi í.

Ìbítóyè mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kóòkì? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?"

Ó tún mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe gbọ́ ti oògùn yẹn, ojú Mísísì Lam yí padà. Ó kọjú sí Mọ́wùnmí, ó nàka sí i. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò kúrú mọ́. Ó ní inú Mọ́wùnmí ni òun tìtorí rẹ̀ fún un ní àwọn egbò yẹn, kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń lo oògùn dókítà, èèyàn kì í fún un ní egbò láìbéèrè. Ó ní nínú ilé tòun, ẹni tó máa mu ún ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi han. "O kò sọ fún un? O kò sọ fún un?"

A ti ń wá ìkà lọ́wọ́ ará Ṣáínà, òun náà sì ń bá wa bi Mọ́wùnmí léèrè.

Mọ́wùnmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀ ń bi mí ohun tí mo fi sínú ọbẹ̀. Ẹ ò bi mí ohun tí mo ń rí níbi iṣẹ́. Daddy Dámi, mò ń fi ṣíbí bọ́ àwọn ọkùnrin tó sanra jù yín lọ, tí apá kan wọn ti kú. Mò ń nu itọ́ lẹ́nu wọn. Òmíràn ti wa tírélà rí. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí n kì í rí ojú yín lára rẹ̀. Mo sọ fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ lo oògùn yín, ẹ ní mò ń ṣe dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ṣe sọ mọ́. Mo fi í sínú ọbẹ̀."

"O ò bá sọ fún mi," Ìbítóyè ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mo sọ."

Ìbítóyè fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó súnmọ́ ìyàwó rẹ̀. "Mo gbà pé kì í ṣe oògùn ìkà. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi: ohun tí wọ́n bá dì, tí wọ́n fi pa mọ́ fún mi nínú oúnjẹ, n kò lè jẹ ẹ́. Bó jẹ́ mánà ni. Tí o bá tún fi nǹkan sínú ọbẹ̀ tí n kò mọ̀, Birmingham náà ni."

"N kò ní í ṣe é mọ́. Ẹ̀yin náà, ojú mi lẹ ti máa lo oògùn yín lójoojúmọ́. Ẹ sì fi adìyẹ inú páálí sílẹ̀."

"Pátápátá?"

"Pátápátá."

Ìbítóyè mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbà. Wòlíì ní àfi kí òun wọ́n omi àdúrà sí i kí ó lè fìdí múlẹ̀. Mísísì Lam fọwọ́ kan ìgò náà, ó mi orí, ó ní ó tutù jù.

Láti ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ Ìbítóyè ti wálẹ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní oògùn òun ni. Mísísì Lam ní ìrẹsì olómi ni. Wòlíì Obed jẹ́rìí sí i nínú ìjọ pé ìgò omi ni. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ tán. Ọkùnrin tó jáwọ́ nínú adìyẹ díndín, bí wọ́n fi òkúta sínú ọbẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀. Mummy Folúkẹ́ ní tirẹ̀ ṣì ń gbé oúnjẹ ìṣínu tirẹ̀ wá láti ilé.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì àti èmi nìkan ló padà sókè. Mọ́wùnmí da ọbẹ̀ àkọ́kọ́ nù, ó se òmíràn. Ìbítóyè gbé àpótí sí kíṣìnnì, ó jókòó lé e, ó ń wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ohunkóhun tí Mọ́wùnmí bá mú, yóò gbé e sókè fún un láti rí: àlùbọ́sà, ó gbé e sókè, ata, ó gbé e sókè, ẹran, ó gbé e sókè. Èmi kò kúrò níbẹ̀. Àgbà kì í dá ẹjọ́ sílẹ̀ lágbedeméjì.

Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, Ìbítóyè kò fọwọ́ kàn án. Mọ́wùnmí rí i. Ó mú ṣíbí, ó bu díẹ̀ nínú àwo ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ gbé e sẹ́nu kí ọkọ rẹ̀ lè rí i.

Ìbítóyè di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi sílẹ̀."

Ó gba ṣíbí náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó wo òkè àjà díẹ̀.

"Iyọ̀ ò tó."

"Mo mọ̀," Mọ́wùnmí ní. "Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.